Ewé tíì ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣe tíì: bí a ṣe ń gbin ojúlówó igi tíì nílé

Bí ẹ bá wọ ilé ẹnì kan ní Ìbàdàn láàárọ̀, tí onílé ní kí ẹ jókòó kí ẹ mu tíì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Milo ló máa gbé wá. Ó lè jẹ́ Bournvita. Bó bá jẹ́ omi pupa tó korò díẹ̀ ló fẹ́ pò fún yín, Lipton ni yóò pè é, iléeṣẹ́ yòówù tó ṣe é. Bí ẹ bá sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, tí ẹ rí koríko gígùn tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́, ewé tíì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ kan ṣoṣo, fún nǹkan mẹ́ta tí kò bára tan.

Èdè kò ṣẹ̀. Ohunkóhun tó bá gbóná, tó dùn, tó ṣeé fi sin búrẹ́dì, tíì ni lẹ́nu wa, ìyẹn sì tó fún ẹni tó kàn fẹ́ jẹun àárọ̀. Ọjọ́ tí èèyàn bá ní òun fẹ́ gbin tíì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ra koríko ọba ní ọ̀rá mẹ́wàá, tó fi ṣe ọgbà síwájú ilé, tó ń retí ọjọ́ tí yóò já ewé rẹ̀ gbẹ kó di Lipton. Ó dùn mí púpọ̀, torí ó fi ọkàn ṣe é. Nítorí irú rẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ewé tíì, ìbátan àgbàdo àti ìrèké ni. Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ mú débi pé ó lè ya ọwọ́ ọmọdé. Òróró kan tó wà nínú ewé náà, tí irú rẹ̀ wà nínú èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, ló ń mú òórùn yẹn jáde. Kò ní káféènì, èròjà tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè sùn, rárá. Ó wúlò nínú àgbo, ó dùn mu, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fà á tu. Àmọ́ bí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún 20 ọdún, koríko ni yóò máa jẹ́. Sóbò náà yàtọ̀: ìṣápá pupa ni, awẹ́ pupa tó yí èso rẹ̀ ká ni a sì ń sè, kì í ṣe ewé.

Èyí tó kù ni kí ẹ ṣọ́ra fún gidigidi. Bí ẹ bá wá “tea tree” lórí íntánẹ́ẹ̀tì, igi kan láti Ọsirélíà tó ń jẹ́ Melaleuca alternifolia ló máa yọjú. Òróró rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ àti ìpara fún irorẹ́. Májèlé ni òróró náà fún ẹni tó bá gbé e mì. Orúkọ nìkan ló pa á pọ̀ mọ́ tíì mímu. Ẹ má ra irúgbìn rẹ̀ pé ẹ fẹ́ fi ṣe nǹkan mímu.

Igi tíì gan-an ń jẹ́ Camellia sinensis. Igi kékeré tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán ni, yálà òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, etí rẹ̀ sì rí ṣágiṣàgi bí ẹnu ayùn. Òdòdó rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ìdánwò tó rọrùn jù nìyí: ẹ já ewé kan, ẹ fi ọwọ́ rún un, ẹ gbé e símú. Bó bá ń ta sánsán, kì í ṣe òun. Ewé tíì tútù kò ní òórùn ju ti ewé lásán lọ. Òórùn àti adùn tí ẹ mọ̀ nínú ife, ẹ̀yìn ìgbà tí a já a ni wọ́n tó dé.

Níbí ni mo ti fẹ́ tú kókó mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé igi ọ̀tọ̀ ni green tea, igi ọ̀tọ̀ ni tíì dúdú. Igi kan náà ni. Ẹ wo iṣu tí a bó sílẹ̀ tí a kò tètè gbé ka iná: ojú rẹ̀ á ṣú. Ìkàn tí a gé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà nínú wọn tó máa ń bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lójú ibi tí ara wọn ti fọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú bí àmàlà ṣe ń dúdú nígbà tó jẹ́ pé funfun ni iṣu. Irú èròjà yìí wà nínú ewé tíì. Bí a bá fi ọwọ́ yí ewé náà títí omi ara rẹ̀ fi jáde, tí a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án, yóò pọ́n bí idẹ, yóò sì dúdú nígbà tó bá gbẹ. Tíì dúdú nìyẹn, òun ló wà nínú ọ̀rá Lipton. Bí a bá yára fi iná pa èròjà yẹn kó tó ṣiṣẹ́, ewé á dúró lórí àwọ̀ rẹ̀: green tea nìyẹn. Oolong wà láàárín méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń wá irúgbìn green tea, irúgbìn tíì kan náà ló ń wá.

Ṣé ó lè hù lọ́dọ̀ wa? Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé orí òkè tútù nìkan ni tíì mọ̀. Òótọ́ ni pé Òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, tó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, ni Nàìjíríà ti ń gbin tíì tà. Ibẹ̀, ní Kakara, ni Highland Tea ti ń wá. Àmọ́ oríṣi méjì ni igi yìí ní. Oríṣi Ṣáínà ní ewé wẹ́wẹ́, ó sì lè fara da òtútù. Oríṣi Assam, tó wá láti Íńdíà, ní ewé fífẹ̀, ó fẹ́ràn ooru àti òjò, bí a bá sì fi í sílẹ̀ láìgé, á ga ju mítà mẹ́wàá lọ. Àfonífojì odò ni Assam, kì í ṣe orí òkè. Ìlú Jorhat, tí wọ́n dá iléeṣẹ́ ìwádìí tíì Tocklai sílẹ̀ sí ní ọdún 1911, kò ga ju 120 mítà lọ sókè òkun. Ìbàdàn ga jù ú lọ, síbẹ̀ agbègbè Assam wà lára àwọn tó ń pèsè tíì jù láyé. Gíga òkè ń jẹ́ kí ewé má yára dàgbà, èyí sì ń mú un dùn sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni igi náà fi ń wà láàyè. Oríṣi Assam ni kí ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn wá.

Ohun tí igi náà fi ń wà láàyè ni ilẹ̀ tó kan. Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni tíì inú ọgbà ilé ti ń kú jù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH. 7 ni àárín rẹ̀. Ohun tó bá wà lókè 7 dà bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kan, bí omidùn tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Tíì fẹ́ ilẹ̀ tó wà láàárín 4.5 sí 5.5. Tòmátì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ fẹ́ nǹkan bí 6 sí 6.8. Ẹ má jẹ́ kí ó jọ yín bí ìyàtọ̀ kékeré: ilẹ̀ tó wà lórí 5 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó wà lórí 6 lọ. Ibi tí tẹ̀tẹ̀ ti ń ṣe dáadáa jù lẹ́yìnkùlé yín lè jẹ́ ibi tí tíì máa kú sí.

Mo pa ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Igi náà ti tó orókún mi, ó ti ń rú ẹ̀ka. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe sí ìdí ilá ni mo ṣe sí i: mo kó eérú ààrò, mo wọ́n ọn sí ìdí rẹ̀ yíká pé kó lè lágbára, kí kòkòrò sì má baà débẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ewé tuntun tó ń yọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù. Mo rò pé ebi ń pa á, mo tún fi eérú kún un. Eérú ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ kan mọ́. Bí ilẹ̀ kò bá sì kan, gbòǹgbò tíì kò ní rí irin tó wà nínú ilẹ̀ fà, bó tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ewé tó pọ́n báyìí, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, kó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń ráhùn.

Eérú kọ́ nìkan. Sìmẹ́ǹtì ní ẹfun nínú, ẹfun náà kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ kan. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ má gbin tíì sí ẹsẹ̀ ògiri tàbí ibi tí wọ́n ti po sìmẹ́ǹtì nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Èèpo ẹyin, tí àwọn kan ń lọ̀ sí ìdí òdòdó, ẹ pa á tì. Ìgbẹ́ adìyẹ ayéyin náà gba ìṣọ́ra, torí ẹfun pọ̀ nínú oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn. Ewé tó ti jẹrà àti ìgbẹ́ màlúù tó ti gbó dáadáa ló dára jù fún un. Omi kànga-dẹ̀rọ tó máa ń fi nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù náà ń ba ilẹ̀ tíì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ òṣòòrò, kí ẹ máa fi omi òjò bomi rin ín.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ilẹ̀ yín kan tó? Ẹ gbé ìwọ̀nba erùpẹ̀ lọ fún àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò ní iléèwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kò pọ̀ jù fún ohun tó máa wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmì kan tún wà tí n kì í fojú di: ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Irú ilẹ̀ kíkan kan náà ló fẹ́ràn. Ibi tó bá ti ń ṣe dáadáa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fún un ní nǹkan kan, mo máa dán tíì wò níbẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá kan tó, imí ọjọ́ lẹ́búlẹ́bú ni a ń pò mọ́ ọn ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbìn. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ ló máa sọ ọ́ di kíkan, wọn kì í sì í kánjú. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ gbìn ín sínú ìkòkò ńlá tí ìdí rẹ̀ lu, kí ẹ fúnra yín yan erùpẹ̀ tó máa wà níbẹ̀.

Ìkòkò yìí náà ni ọ̀nà àbáyọ fún àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Oríṣi Ṣáínà ni tiyín, torí òtútù. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ní ẹfun púpọ̀, òjò ni kí ẹ gbára lé, kí ẹ sì ra erùpẹ̀ tí wọ́n ń tà fún azalea, òdòdó tí òun náà fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan. Kì í ṣe àlá. Ọgbà Tregothnan ní Cornwall ti ń ta tíì tí wọ́n gbìn lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2005.

Nípa ibi tí a ti ń rí igi: nílé, CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ló ni iṣẹ́ tíì lọ́wọ́, pẹ̀lú kòkó, obì, kọfí àti kajú. Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Kusuku lórí Òkè Mambilla. Ibẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ kó irúgbìn wọlé láti òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn tó ń wọlé wò, nítorí àrùn igi máa ń bá irúgbìn rìn. Ẹ tún mọ̀ pé hóró tíì kì í pẹ́ kú. Èyí tó ti gbẹ nínú ọ̀rá fún oṣù mélòó kan, owó lásán ni. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù, èyí tó bá rì ni kí ẹ gbìn.

Ẹ̀ka gígé dára ju hóró lọ, torí bí ìyá rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ ni yóò rí. Ẹ gé e lára ẹ̀ka ọdún yìí tó ti le díẹ̀ àmọ́ tí èèpo rẹ̀ kò tíì di pupa: ewé kan, ojú kan tí ẹ̀hù máa gbà yọ, pẹ̀lú igi tí kò gùn ju ìdajì ìka lọ. Ilẹ̀ pupa abẹ́ ni kí ẹ kó sínú ọ̀rá dúdú, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú ojú ilẹ̀ tó lọ́ràá. Ó lòdì sí ohun tí a mọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ ló kan jù, òun ni kòkòrò gbòǹgbò kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ti ìdí ẹ̀ka náà bọ inú ilẹ̀ yìí, ẹ bomi rin ín, ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó lábẹ́ ibòji. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ó máa ta gbòǹgbò. Ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kó tó ṣeé gbé sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ òjò sì ni kí ẹ gbé e, kó lè ti rìn jìnnà sínú ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Ní Assam, abẹ́ igi ńlá ni wọ́n ń gbin tíì sí, igi tí wọ́n sì fẹ́ràn jù fún ibòji ni Albizia. Igi yìí ni àwa ń pè ní ayùnrẹ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo mọ èyí, torí pé abúlé tí iléeṣẹ́ ìwádìí tíì wa wà ń jẹ́ orúkọ igi tó yẹ kó máa bo tíì. Ewé ayùnrẹ́ wẹ́wẹ́, oòrùn ń gbabẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń bọ́ ilẹ̀. Bí ẹ kò bá ní àyè fún igi ńlá, àgúnmánìyè náà á ṣe é, tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ fi ṣe àtíbàbà lé e lórí láti oṣù November títí di March. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ nípọn, àmọ́ kó má kan igi náà, nítorí ikán. Omi kò gbọ́dọ̀ gbẹ níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀.

Ẹ máa ní sùúrù fún ọdún mẹ́ta kí ẹ tó já ewé rẹ̀ gidi. Láàárín ìgbà yẹn, gígé ni iṣẹ́. Bó bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gé orí rẹ̀ kó ku nǹkan bí ìwọ̀n ọwọ́ kan tí a ya ìka rẹ̀ sílẹ̀, kó lè fẹ̀ dípò kó ga. Lẹ́yìn èyí, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìbàdí yín. Ewé méjì tó kẹ́yìn lórí ẹ̀ka àti ẹ̀hù tó wà láàárín wọn nìkan ni a ń já. Bí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, ẹ ó tún padà já a láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Igi mélòó ló tó? Oko tó ń ṣe dáadáa lè mú nǹkan bí 2,000 kílò tíì gbígbẹ jáde lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, láti ara igi bí 12,000. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 170 gíráàmù lára igi kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù méjì ló wà nínú ọ̀rá tíì kan, nítorí náà igi kan lóko ń mú bí ife 85 wá lọ́dún. Ẹni tó ń mu ife kan lójúmọ́ yóò nílò igi márùn-ún, bó bá sì jẹ́ ọgbà ilé ni, ẹ gbin mẹ́wàá. Ìwọ̀n mítà kan láàárín ìkíní-kejì ti tó, wọ́n á sì di ọgbà tó rẹwà.

Láti ṣe green tea, ẹ gbé agbada ka iná tí kò pọ̀, ẹ máa ro ewé náà bí ẹni ń dín gàárì títí òórùn tútù fi kúrò lára rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí atẹ, ẹ sì gbẹ ẹ́ lórí iná díẹ̀. Fún tíì dúdú, ẹ sá a sínú ilé mọ́jú kó rọ débi pé igi rẹ̀ á tẹ̀ láìkán. Ẹ wá fi agbára yí i títí omi rẹ̀ fi jáde, ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún wákàtí méjì sí mẹ́rin títí yóò fi pọ́n, kí ẹ tó gbẹ ẹ́. Nǹkan bíi kílò mẹ́rin ewé tútù ló ń di kílò kan, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó rọ ọ́ sínú agolo, kó má baà bu. Omi híhó ni fún tíì dúdú. Ti green tea, ẹ jẹ́ kí omi rọlẹ̀ díẹ̀ kó má baà korò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kó má fi sin oúnjẹ, torí kì í jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ. Káféènì inú rẹ̀ sì ni irú èyí tó wà nínú obì gan-an, nítorí náà, ẹ má mu ún ní alẹ́ tí ẹ bá fẹ́ sùn.